Ìlà Kan Ni Tiwalọlá Fò, Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Ló Fara Gbá A

Obìnrin tó ni ìtàn yìí kò gbà kí n bo orúkọ òun. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni òun bà jẹ́, nítorí náà kí tòun náà jáde síta kí wọ́n kà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe sọ ọ́ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó níbi tó sọ ọ́ dé tí inú bí mi gidi, tí mo ní kó jẹ́ kí n mu omi ná.

Tiwalọlá ni orúkọ rẹ̀. Lọ́dún 2013, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Àmùkòkò ní Ajégúnlẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Àpápá tó ń ṣe géèmù orí fóònù. Òun kọ́ ló ń kọ géèmù ọ̀hún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dán an wò, kó wá ibi tó kù díẹ̀ káàtó kí oníbàárà tó rí i.

Ràdíátù ni wọ́n jọ ń ṣe é. Inú àgbàlá kan náà ni àwọn méjèèjì dàgbà sí, ilẹ̀kùn yàrá wọn kọjú síra. Nígbà tí ìyá Ràdíátù kú, ìyá Tiwalọlá ló gbà á tọ́. Oníṣọ́ọ̀ṣì ni obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀sìn ọmọ lọ́wọ́ ọmọ. Tí ààwẹ̀ bá dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń jí se sààrì fún un.

Tiwalọlá ló mú Ràdíátù wọ ibi iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀gá fi gbà á wò. Tó bá pé oṣù mẹ́fà láìsí àléébù, lẹ́tà òṣìṣẹ́ gidi ló kàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, oṣù méjì péré ló kù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí lẹ́tà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ilé yẹn. Ìyá Tiwa, Abọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀, ń rán tapólì tí àwọn onítírélà fi ń bo ẹrù ní Liverpool Road. Kì í pe èèyàn lórí fóònù, fíláàṣì ló ń ṣe. Ta ni kò mọ fíláàṣì nínú wa? Èèyàn á pe nọ́ńbà ẹni, á dún ẹ̀ẹ̀kan, á sì yára pa á kí wọ́n tó gbé e, kí káàdì má baà lọ. Ṣùgbọ́n tilé wọn lófin. Ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí pé mo ti gúnlẹ̀, ara mi le, má wulẹ̀ pè mí. Ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé pè mí o, ọ̀rọ̀ wà. Láti kékeré ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti mọ òfin náà. Lójoojúmọ́ ní agogo mẹ́rin, fóònù Tiwalọlá á dún ẹ̀ẹ̀kan, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé ìyá òun ti délé.

Géèmù tí wọ́n ń ṣe nígbà náà, Tírélà Wọ́ọ̀fù ni wọ́n pè é. Èèyàn á wa tírélà jáde ní wọ́ọ̀fù, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù, á máa yẹ kòtò, á máa sá fún àgbàrá, ìpele kan lẹ́yìn èkejì. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni wọ́n ń pè ní sípíríǹtì. Tí sípíríǹtì bá ti gbéra, kò sí ẹni tó ń wẹ̀yìn mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán, fi fi òfin lélẹ̀. Kí sípíríǹtì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn olùdánwò gbọ́dọ̀ ti kọ ètò wọn sílẹ̀: ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò, irú fóònù tí wọ́n máa fi dán an wò, ọjọ́ tó máa gbà, àti ẹni tó máa ṣe é. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lórí ìlà kan, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló máa dáhùn.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn máa ṣe ìkórè lọ́jọ́ kejì, Tiwalọlá àti Ràdíátù jókòó sí pálọ̀ Ìyá Tiwa láti kọ ètò náà. Wọ́n ti yá fóònù méje jọ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, fóònù olówó pọ́ọ́kú, èyí tójú rẹ̀ ti sán, èyí tí wọ́n fi rọ́bà de ẹ̀yìn rẹ̀ kí bátìrì má baà já bọ́. Kò sí ìwé nílẹ̀, wọ́n bá ṣí ẹ̀yìn ìwé tí Ìyá Tiwa fi ń kọ ìwọ̀n tapólì, èyí tó gbàgbé sílé lọ́jọ́ náà, wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀.

Fóònù Tiwalọlá ló wà lọ́wọ́ Ràdíátù. Ó ti wa tírélà dé ìpele kẹrìnlá, ó ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò kọjá ìpele kẹta rí. Fóònù dún ẹ̀ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ìyá Tiwa ti gúnlẹ̀ sí Liverpool Road nìyẹn. Nígbà tí Ràdíátù máa fi padà wo ojú fóònù, tírélà ti padà sẹ́nu géètì wọ́ọ̀fù, ìpele kìíní, bíi pé ẹnikẹ́ni kò ṣeré níbẹ̀ rí.

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ojú àwọn ni. Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n pe fóònù náà, wọ́n sì gbé e, kò sí nǹkan kan. Wọ́n jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá dún ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n sì yára pa á, gbogbo ohun tí èèyàn ti ṣe á pòórá.

Nígbà tí Ìyá Tiwa dé, wọ́n fi àpótí fún un jókòó, wọ́n ní kó máa fíláàṣì àwọn fóònù méje tí wọ́n yá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣe é, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti wá di òṣìṣẹ́ géèmù báyìí, kí wọ́n lọ sọ fún ọ̀gá wọn kó ka òun mọ́ wọn. Nínú fóònù méje, márùn-ún ló padà sí ìpele kìíní.

Ràdíátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tiwa, ta ni kì í fíláàṣì ní Ajégúnlẹ̀ yìí? Ilé wo ni fóònù kì í ti í dún ẹ̀ẹ̀kan?"

Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn nílò kí sípíríǹtì tó bẹ̀rẹ̀, kí Lazarus tó ń kọ géèmù náà lè wá gbòǹgbò rẹ̀ rí. Tí wọ́n bá fi lè kọ ìpele tuntun lé e lórí, ó máa wọlẹ̀ débi pé yíyọ á di ogun. Tiwalọlá gbà pẹ̀lú rẹ̀. Òun gan-an ló mú bírò, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ìlà kọkàndínlógún: fíláàṣì, fóònù méje, ọjọ́ mẹ́ta, Ràdíátù. Ó kọ déètì sí i.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń pa owó lé iṣu ìkórè lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán pe Tiwalọlá. Ó bọ́ síta láti gbé e. Ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó fóònù wọlé ti gbà láti fi Tírélà Wọ́ọ̀fù sínú gbogbo fóònù tí wọ́n máa tà nígbà Kérésìmesì. Kòǹtènà wọn ti ń bọ̀ lójú omi. Mọ́ńdè ni sípíríǹtì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó tún fi kún un pé òun ń wá ẹni tí òun máa fi jẹ olórí ìdánwò, ojú òun sì ti wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá bi í pé, "Ṣé ohunkóhun wà nínú ètò yín tó lè fà wá sẹ́yìn?"

Níbí ni mo ti ní kó dúró ná, mo ní kó sọ fún mi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Kò fi pamọ́. Ó ní òun rò ó pé tí òun bá sọ ọ̀rọ̀ fíláàṣì, ọ̀gá á bi òun pé ta ló rí i. Ràdíátù ló rí i. Ràdíátù tí òun mú wá, tí kò tíì lo oṣù mẹ́fà pé, òun ló máa dìde níwájú gbogbo wọn láti ṣàlàyé. Ó ní ìyẹn gan-an ló ta òun lára ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Ó dáhùn pé, "Kò sí, sà."

Ó ní òun rò pé òun á dọ́gbọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí i tó bá yá, kí wọ́n kàn gbéra ná. Ẹ gbọ́ mi, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló tẹ ètò náà sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ dé ìlà kejìdínlógún, ó sì dúró síbẹ̀.

Ó ku ẹnì kan tó lè tú àṣírí náà nípàdé ọjọ́ Mọ́ńdè. Tiwalọlá pe Ràdíátù láàárọ̀ kùtù, ó ní ọ̀gá fẹ́ kó sọdá sí Snake Island lọ yá irú fóònù tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ ń lò. Irọ́ ni. Ọmọ yẹn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ìgbà tó fi máa padà dé pẹ̀lú fóònù mẹ́rin nínú ọ̀rá, ìpàdé ti tú, sípíríǹtì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó bi Tiwalọlá pé ìlà kọkàndínlógún ńkọ́. Tiwalọlá ní ó ti wà níbẹ̀, Lazarus ti ní òun máa wò ó. Lọ́jọ́ kẹrin, ó tún bi í. Tiwalọlá ní kó má da Lazarus láàmú, pé iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, Tiwalọlá jágbe mọ́ ọn pé ta ni ọ̀gá ta ni nínú àwọn méjèèjì. Ràdíátù padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbà á gbọ́, torí ẹni tí èèyàn bá jọ jẹun nínú àwo kan náà láti kékeré, a kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Fóònù wọ ọjà nínú oṣù kejìlá. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bàbá kan ra fóònù fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà wa tírélà fún ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀rẹ́ bàbá fíláàṣì, gbogbo rẹ̀ pòórá. Ẹjọ́ náà kò yàtọ̀ láti Bọ́ùńdárì dé Ọ̀jọ́. Àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé àrùn wà nínú fóònù ọ̀hún, àwọn tó rà á sì ń dá a padà. Àwọn tó kó fóònù wọlé kọ̀wé sí Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán pé àwọn fẹ́ mọ ẹni tó dán géèmù yẹn wò.

Ọ̀gá pe ìpàdé sí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Agogo méje ni Tiwalọlá ti dé ọ́fíìsì, òun nìkan. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó ṣí ètò náà.  Ó wá tẹ ìlà kọkàndínlógún kún un. Ó kọ fíláàṣì síbẹ̀, ó kọ orúkọ Ràdíátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ń kọ èsì sí, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé: A ti dán an wò. Kò sí wàhálà.

Ibí yìí ni mo ti lọ mu omi.

Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán ka ìlà náà sókè, ó sì wo Ràdíátù. Kò sí ẹni tó rántí bóyá ìlà méjìdínlógún ni wọ́n rí lọ́jọ́sí tàbí mọ́kàndínlógún. Ta ló ń ka irú ẹ̀?

Ràdíátù dìde. Ó ní òun kọ́ ni òun kọ "kò sí wàhálà", pé wàhálà gan-an ni òun rí, òun sì sọ fún Tiwa kí sípíríǹtì tó bẹ̀rẹ̀, Tiwa sì ní Lazarus máa wò ó. Wọ́n bi Lazarus. Lazarus ní kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún òun. Òótọ́ sì ni Lazarus ń sọ, èèyàn Ọlọ́run.

Ọ̀gá wá yí sí Tiwalọlá. "Ṣé ó sọ fún ọ?"

Ó ní òun ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀. Ó ní òun wo orí tábìlì.

"Kò sọ nǹkan kan fún mi, sà."

Ràdíátù kò bú u, kò sunkún. Ó wò ó títí, ó wá ní, "Tiwa. Èmi?" Ọ̀gá ní iṣẹ́ rẹ̀ ti parí níbẹ̀. Ó kó àwọn fóònù tó yá sínú ọ̀rá, ó kọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára kó lè dá wọn padà, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé.

Ní agogo mẹ́rin ọjọ́ náà, fóònù Tiwalọlá dún ẹ̀ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀ ti délé, ara rẹ̀ le.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ràdíátù kẹ́rù lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ohun tó sọ fún Ìyá Tiwa kò ju pé iṣẹ́ ti parí níbí, òun ń lọ wá òmíràn. Kò rojọ́. Tiwalọlá wá fi tirẹ̀ kún un, ó ní Ràdíátù ti ríṣẹ́ tó dára jù síbẹ̀, àyè ni kò sí fún un. Obìnrin náà gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà gbogbo ló ń béèrè pé kí ló dé tí Ràdí kì í fíláàṣì òun mọ́.

Oṣù kìíní kò tíì parí tí wọ́n fi Tiwalọlá jẹ olórí ìdánwò. Wọ́n fún un ní tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní òun kò gbádùn tábìlì yẹn fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Lazarus tún géèmù náà ṣe. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sípíríǹtì tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán ní ojú òun ti là, òun fúnra òun máa wọ Ajégúnlẹ̀ lọ dán an wò nínú ilé àwọn èèyàn. Ó ní ilé olórí ìdánwò ni òun máa ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé.

Tiwalọlá wá gbogbo ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ sílé Lazarus, ọ̀gá kọ̀. Ó ní àgbàlá àwọn kún, ọ̀gá ní bí òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Lálẹ́ Furaidé ló rántí ìwé tapólì. Ó wá a lábẹ́ ibùsùn, ó wá a lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò rí i. Inú báàgì ìyá rẹ̀ ló máa ń wà, ìyá rẹ̀ sì ti gbé báàgì sábẹ́ orí sùn.

Kí ló kù? Ó wá bí obìnrin náà á ṣe kúrò nílé. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sí Liverpool Road lọ́jọ́ Sátidé, ó ní onítírélà kan fẹ́ kó wá wọn ọkọ̀ òun. Kò sí onítírélà kankan. Ìyá gbé báàgì rẹ̀, ó lọ, inú rẹ̀ dùn pé ọmọ òun bá òun wá iṣẹ́.

Ọ̀gá dé pẹ̀lú Lazarus. Ó jókòó sórí àga Ìyá Tiwa, ó gba fóònù Tiwalọlá, ó ń wa tírélà. Ó ti dé ìpele kẹfà nígbà tí fóònù dún ẹ̀ẹ̀kan tó sì dákẹ́. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn. Tírélà kò yẹ̀, ìpele kẹfà ló wà. Lazarus pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó bi í pé ta ló ṣe irú oore yìí fún àwọn. Tiwalọlá ní ìyá òun ni. Ọ̀gá ní òun kò lọ mọ́ o, òun gbọ́dọ̀ dúró kí ìyá yẹn kí òun tó lọ.

Tiwalọlá ní òun ń ka ìṣẹ́jú. Òun bẹ ọ̀gá pé ìyá òun máa pẹ́, ọ̀gá ní kò burú. Wákàtí kan kò pé tí wọ́n fi gbọ́ ohùn Ìyá Tiwa lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ráhùn pé òun dúró dúró, òun kò rí onítírélà kankan. Ó wọlé, ó rí àlejò, ó tújú ká.

Wọ́n kíra. Ọ̀gá ní fíláàṣì rẹ̀ ló bá àwọn dán géèmù wò, kò sì bàjẹ́ mọ́. Ìyá Tiwa pàtẹ́wọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Àṣé ẹ ti wá tún èyí tí èmi àti Ràdí rí lọ́jọ́sí ṣe. Ó mà pẹ́ díẹ̀ o."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán. Ó rọra bi í pé, "Ọjọ́ wo nìyẹn, Mà?"

"Ọjọ́ tó ku ọ̀la ká ṣe ìkórè. Ṣebí ibí yìí ni wọ́n jókòó sí. Àpótí yìí ni mo jókòó lé tí mo ń fíláàṣì, márùn-ún bàjẹ́ nínú méje. Ràdí ní ó di dandan kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta wò ó." Ó ń ṣí báàgì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ẹ wò ó, ẹ̀yìn ìwé mi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àwọn ọmọ yìí bà mí níwèé jẹ́."

Ọ̀gá gba ìwé náà. Ó ka ìlà kọkàndínlógún, ó ka déètì rẹ̀. Ó bi í pé ọwọ́ ta ni ó kọ ọ́.

Ìyá Tiwa ní, "Ọwọ́ ọmọ mi nìyẹn kẹ̀." Ó sọ ọ́ tìyanga-tìyanga. Ìgbà yẹn ló yíjú wo ọmọ rẹ̀ tó rí i bó ṣe dúró, tó fẹ̀yìn ti ògiri, tí kò lè gbójú sókè. 

 Lazarus ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá pa ìwé dé, ó fi lé Ìyá Tiwa lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó ní kí Tiwalọlá wá rí òun ní Mọ́ńdè kó sì kó ẹrù tábìlì rẹ̀ dání lọ sílé. Kò pariwo. Tiwalọlá ní ì bá sàn kó pariwo.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá Tiwa jókòó sórí àpótí yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Tiwalọlá, níbo lo gbé ọmọ mi lọ?"

Kò sí irọ́ tó kù. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí iṣu ìkórè dé Snake Island dé agogo méje àárọ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ló wó o lulẹ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ kò lù ú, kò ṣẹ́ èpè. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà kò lọ síbi tapólì, Ìkòròdú ló lọ. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún Ràdíátù, ọmọ tó gbé pọ̀n. Ràdíátù dì í mú, kò jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Ó ní òun kò lè sọ ọ́ fún un nígbà náà, torí òun kò fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tó tọ́ òun. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán náà ránṣẹ́ pè é, ó ní lẹ́tà rẹ̀ ti wà nílẹ̀, kó wá gbà á. Ràdíátù dúpẹ́, kò sì lọ gbà á. Ó ní ibi tí wọ́n ti kọ irọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òun, òun kò ní lè jókòó síbẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, fóònù Tiwalọlá kò dún mọ́ ní agogo mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ á lọ, á bọ̀, wọ́n á jọ jẹun, ṣùgbọ́n fíláàṣì tán. Ó ní ìgbà tí agogo mẹ́rin bá kọjá báyìí, òun á kàn mú fóònù dání, òun á máa wò ó. Kò sí ìyà tí wọ́n fi jẹ òun tó dun òun tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ránṣẹ́ sí Ràdíátù. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó jẹ́wọ́, kò rí èsì. Ọdún kan kọjá, ìkejì kọjá. Ó ti ń bá ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣiṣẹ́ nígbà náà, ó tún ń dán nǹkan wò. Ìlà kìíní tó máa ń kọ sínú ètò rẹ̀ nísinsìnyí ni fíláàṣì, orúkọ ara rẹ̀ ló sì máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún 2016, ìyá rẹ̀ sọ fún un lórí oúnjẹ pé Ràdíátù ti ríṣẹ́ sí Accra, wọ́n fi ṣe olórí ìdánwò ní ilé-iṣẹ́ géèmù kan níbẹ̀, òun sì máa sìn ín dé ibi ọkọ̀ lọ́la. Kò sọ pé kó tẹ̀ lé òun. Tiwalọlá náà kò béèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà Gánà ni. Ó dún ẹ̀ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Ó gbé fóònù síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ó ń retí ìkejì, èyí tó máa ní kó pè. Ó retí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò dún. Kò lè mú un mọ́ra, ó pe nọ́ńbà náà padà.

Wọ́n gbé e. Ó kọ́kọ́ gbọ́ ariwo ọkọ̀, lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn tó mọ̀ ju ohùn ara rẹ̀ lọ.

Ràdíátù ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fíláàṣì ẹ, Tiwa," ó sì pa fóònù.